Ilé Méjì Tó Kù Nísàlẹ̀ Òpópónà

Ẹni eji rí leji ń pa, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wí bẹ́ẹ̀ ò gbé ìsàlẹ̀ òpópónà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀, òjò kì í pa èèyàn lásán kó sì máa lọ. Yóò tẹ̀lé onítọ̀hún wọ yàrá, yóò jókòó tì í, kò sì ní í dìde títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Obìnrin kan ń gbé níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Hẹlóò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, láyé ìgbà tí ẹni tó bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kí onítọ̀hún tó so wáyà tirẹ̀ mọ́ wáyà ẹni tó ń wá. Màmá Hẹlóò ni ẹnì kan yẹn. Ó ti so ìyá mọ́ ọmọ, ó ti so ọkọ mọ́ aya, ó ti so ẹni tó ń sunkún mọ́ ẹni tí ò mọ ohun tí yóò sọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ ò bá a fẹ̀yìn tì. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, "Hẹlóò" ni yóò fi dáhùn. Bí ológbò bá ké lẹ́yìn fèrèsé, "Hẹlóò." Ibẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò ti fún un lórúkọ, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Ilé oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀ ni ilé rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀, tó máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ni wọ́n jọ kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù kan lónìí, búlọ́ọ̀kù méjì lọ́la, títí òrùlé fi gorí rẹ̀. Ọkọ náà ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òkèèrè kan, níbi tí wọ́n ti ń jí nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń múra àtisùn.

Òpópónà náà ga lókè, ó rẹlẹ̀ nísàlẹ̀, bí àwo tí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè kí omi ọbẹ̀ lè ṣàn sọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹun. Gbogbo omi òkè, omi orí páànù, omi ìfọṣọ, omi pápá ilé ìwé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ṣàn bọ̀. Ilé márùn-ún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó lọ, lẹ́yìn tí omi wọ inú àpótí ìwé wọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Obìnrin aránṣọ tó múlé tì wọ́n tẹ̀lé wọn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ni ilé kẹta kàn tilẹ̀kùn ni, wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni, koríko sì ti bo ẹnu ọ̀nà wọn kí òjò ọdún náà tó dá. Ó wá ku ilé méjì: ti Màmá Hẹlóò, àti ti Bàbá Káfíńtà tó kọjú sí i lódìkejì ọ̀nà.

Ká ní àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ ni, ìbá sàn. Wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá Káfíńtà ra ilẹ̀ pupa ọkọ̀ típà méje, ó fi gbé àgbàlá rẹ̀ ga. Ó tún da kọnkéré sórí gọ́tà tó wà níwájú ilé rẹ̀, ihò tó sì fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún omi kéré bí ihò eku. Láti ọjọ́ náà, omi tí kò rí ọ̀nà gbà lọ́dọ̀ Bàbá Káfíńtà, ọ̀dọ̀ Màmá Hẹlóò ló ń sọdá sí. Ó lọ bá a.

"Bàbá, omi yín ń wọlé wá bá mi."

"Omi mi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo rán òjò níṣẹ́ ni?"

"Ẹ ò rán an níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ júwe ilé mi fún un."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Káfíńtà wọ egungun. Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ káàárọ̀" ku orí mímì. Nígbà tó yá, orí mímì náà dáwọ́ dúró, kò sì sí èyí tó lè sọ ọjọ́ tó dáwọ́ dúró nínú wọn.

Àwọn èèyàn rò pé ìkún omi nìkan ni ìyọnu ẹni tó bá nílé síbi tó rẹlẹ̀. Ìkún omi a máa dé, a sì máa lọ. Ọ̀rinrin ni kì í lọ. Láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, kò sí ohun tó ń gbẹ pátápátá nínú ilé Màmá Hẹlóò. Iyọ̀ á di omi nínú abọ́. Ìṣáná á kọ̀, kò ní í tanná. Aṣọ tó bá sá ní Mọ́ńdè, Tọ́sìdeè ló máa ká a, á sì tún máa rùn bí aṣọ ìnulẹ̀. Irun funfun á hù sára bàtà ọkọ rẹ̀ tí kò lè jù nù. Nǹkan dúdú á máa gun ògiri yàrá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gun àkàbà. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé á wú. Ti balùwẹ̀, èjìká ló fi ń ṣí i.

Ó ní bó ṣe ń bá a jà. Láàárọ̀, bí oòrùn bá yọjú, á ṣí gbogbo fèrèsé. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, á tì wọ́n. Á fi omi oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun nu ògiri, á bomú, á máa wúkọ́. Á gbé èédú sínú abọ́, á fi sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kó lè máa fa ọ̀rinrin mu. Firíìjì wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ìwé ilé, ìwé ìfẹ̀yìntì àti fọ́tò ìgbéyàwó wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú ike ọ̀dà tó ní ìdérí, ike náà sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àpò iyanrìn mẹ́jọ wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, mẹ́rin wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù gan-an ni Màmá Hẹlóò ń sá fún.

Ohun kan ṣoṣo tí kò rí ọgbọ́n dá sí ni fóòmù. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, òun á di igun méjì mú, ọkọ á di igun méjì, ọkọ á ní "Ó yá!", fóòmù á sì gun orí tábìlì. Ní báyìí, á gbé orí rẹ̀ lé àga, á sáré yí lọ sí ìdí rẹ̀, kó tó débẹ̀, orí á ti yọ̀ bọ́. Á padà. Á tún gbé e. Nígbà míì, á jókòó lé e lórí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí kò rí ẹni bá a rín in.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọmọ rẹ̀ máa ń pè.

"Màmi, ẹ ta ilé yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni yóò rà á? Ẹja?"

"Màmi! Mi ò ṣeré o. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe lọ́hùn-ún? Ẹ̀yin á lọ síbi iṣẹ́, èmi á máa wo ògiri. Ògiri wà níbí tí mò ń wò. Èyí tiẹ̀ ń pa àwọ̀ dà."

Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Kò tíì jẹun. Oúnjẹ ẹnì kan ṣòro láti dáná sí.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ó pe bíríkìlà kan láti òkè òpópónà, kó wá wò ó bóyá wọ́n lè gbé ilẹ̀ pálọ̀ ga. Ọkùnrin náà yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, ó ti igi bọ inú gọ́tà, ó sì jáde pẹ̀lú orí mímì.

"Màmá, kò sóhun tó ṣe ilẹ̀ yín. Ibi tí omi ń gbà jáde ló há. Abẹ́ kọnkéré Bàbá iwájú yìí ni. Bí wọ́n bá là á, omi á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Èmi àti wọn kì í sọ̀rọ̀."

Bíríkìlà wò ó lójú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún?"

"Wáyà tiwa ti já," ni Màmá Hẹlóò wí. Ó fún un lómi mu, ó sì sìn ín dé ìta.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè kan ni òjò ńlá náà dé. Ooru ti mú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú, irú ooru tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára bí aṣọ tó rin. Ewé kan ò mì. Ní nǹkan bí aago méjì, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, ìjì kan sì já wọ òpópónà, ó ṣí páànù méjì kúrò lórí ilé ìdáná Màmá Hẹlóò, ó gbé wọn lọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Kó tó ní "Yéè," òjò ti dé. Òjò yẹn ò kán rárá. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da àgbá omi dé èèyàn lórí.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó pa iná níbi tí wáyà ti wọlé. Ó kó aṣọ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lọ sókè. Ó bá fóòmù wọ̀yá ìjà, lọ́jọ́ náà fóòmù gbọ́rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gun tábìlì. Inú ihò balùwẹ̀ lomi ti kọ́kọ́ yọ bí ìṣe rẹ̀, ó ń hó gùdùgùdù, ó ń gbé ọṣẹ àárọ̀ bọ̀. Kò pẹ́, èyí tó wà níta fo àpò iyanrìn wọlé. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó dé ojúgun. Nígbà tó dé orúnkún, àyà Màmá Hẹlóò já, torí pé kò dé orúnkún rí. Ó gun orí tábìlì, ó jókòó ti fóòmù, ó sì tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Kò lọ. Ó tún un tẹ̀. Kò lọ. Síbẹ̀ ó gbé fóònù náà sétí, ó ní, "Hẹlóò?" Ariwo òjò nìkan ló gbọ́.

Nǹkan kan wá ń dún lódìkejì ọ̀nà: gbà, gbà, gbà. Ó rò pé fèrèsé ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé tí ìjì ń gbá kì í sinmi, èyí ń sinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó la omi kọjá dé ojú fèrèsé, ó wo ìta. Ògiri àgbàlá Bàbá Káfíńtà ti wó lápá kan. Ilẹ̀ pupa ọkọ̀ típà méje ti di ẹrẹ̀, ó sì ti wọ́ jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn irin fèrèsé, ọwọ́ méjì di irin mú, ẹnu Bàbá Káfíńtà ń ṣí, ó ń pa dé, òjò sì ń gbé ohùn rẹ̀ mì. Ẹlòmíràn ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọ́ etí Màmá Hẹlóò láti fa ohùn èèyàn yọ lábẹ́ ariwo.

"Ilẹ̀kùn! Ilẹ̀kùn ò ṣí!"

Ká sọ òótọ́, ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ò dára. Ó ní, "Ẹ ní kí òjò tẹ́ ẹ ò rán níṣẹ́ bá yín ṣí i." Ó gbọ́ ara rẹ̀, ojú sì tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti rí ojú náà. Ó mú igi ìnulẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn ṣí, ó bọ́ sínú omi.

Ọ̀nà tó jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń fi igi wá ilẹ̀ níwájú kó má baà tẹsẹ̀ bọ gọ́tà. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, ó jẹ́ kó máa lọ. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó dé abẹ́ fèrèsé, ó rí i pé omi inú ilé ti dé ìbàdí Bàbá Káfíńtà. Àgbàlá tó gbé ga ti ga ju ilẹ̀ ilé lọ, omi tó bá wọlé ò sì rí ibi jáde mọ́.

"Màmá Hẹlóò! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe ilẹ̀kùn?"

"Ó ti wú, ẹrẹ̀ sì tún tì í láti ìta. Mo ti gbá a títí, èjìká mi ti kú."

"Ti ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Mo to pákó dí i. Pákó náà ti rin, mi ò lè gbé e." Ó gba àárín irin fèrèsé na hámà àti ìṣó gígùn kan sí i. "Híńjì mẹ́ta ló wà níta. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn. Ẹ fi ìṣó yìí gbá irin náà jáde láti ìsàlẹ̀ sókè. Ti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yọ ti òkè, ilẹ̀kùn á wó lù yín."

Ti ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ omi. Màmá Hẹlóò kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ohun tí ojú ò rí. Ó gbá ìṣó. Ó gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó lọgun.

"Ṣé ó ti yọ?" ni Bàbá Káfíńtà béèrè láti inú ilé.

"Èékánná mi ló yọ!"

Ó tún gbá a. Irin ìsàlẹ̀ jáde. Ti àárín le ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

"Bàbá, ta ló ṣe irú ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣe é dáadáa jù."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú."

Ó pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn ti sọ "ẹ má bínú" fún èkejì, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń pariwo. Irin òkè jáde. Màmá Hẹlóò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá Káfíńtà fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà ya, ó ṣubú sínú omi, ó sì léfòó lọ bí ẹni pé ó ti ń retí àtilọ.

Omi inú ilé fà díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ò tíì ṣeé padà sí, nítorí náà wọ́n wọlé, wọ́n gun orí tábìlì tí Bàbá Káfíńtà fi ń ṣiṣẹ́, tó ga ju gbogbo ohun tó wà nínú ilé méjèèjì lọ. Àgbà méjì jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń fì dirodiro bí ti ọmọ ilé ìwé. Èérún pákó léfòó yí wọn ká. Bàbá Káfíńtà fa aṣọ kan ya, ó fún un kó fi di àtàǹpàkò rẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ló fà á," ni Bàbá Káfíńtà wí lójijì. "Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, tó wá di pé kẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ náà ń rì sínú ẹrẹ̀ àgbàlá. Ó máa ń sunkún. Mo wá ra ilẹ̀ pupa. Kọnkéré yẹn náà, kẹ̀kẹ́ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ ti bí mi nínú."

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́."

"Mo mọ̀."

Ọdún tó kọjá ni ìyàwó náà kú. Màmá Hẹlóò mọ̀. Ó mọ ọjọ́ rẹ̀, ó mọ iye ọkọ̀ tó wá.

"Mo rí yín lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ," ni Bàbá Káfíńtà tún wí. "Aṣọ dúdú lẹ wọ̀. Mo rò pé ẹ ń bọ̀."

"Mo wọ̀ ọ́ láti wá ni. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn."

"Kí ló wá dá yín dúró?"

Ó fẹ́ sọ pé òjò ni, ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. "Mo ní ó dọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di oṣù, ojú ti ń tì mí."

Bàbá Káfíńtà rí i pé aṣọ ara àtàǹpàkò Màmá Hẹlóò ti tú, ó na ọwọ́, ó bá a tún un dì. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọmọ òun ọkùnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti wá kó òun lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ òun. Òun ti gbà fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ló béèrè.

"Èmi rèé," ni Màmá Hẹlóò dáhùn, ó sì ń wo omi.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n wá fi jẹ́ aládùúgbò. Ní Furáìdeè, Bàbá Káfíńtà ránṣẹ́ pe bíríkìlà, àwọn méjèèjì sì fi òòlù ńlá fọ́ kọnkéré orí gọ́tà náà túútúú. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀ kún ọmọlanke mẹ́ta. Ní Sátidé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọdá, ó kan páànù ilé ìdáná, ó sì yẹ gbogbo ilẹ̀kùn Màmá Hẹlóò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára bí dókítà.

"Ẹ bá mi fá wọn kí wọ́n lè máa pa dé," ni Màmá Hẹlóò bẹ̀ ẹ́.

"Rárá o. Igi tó wú kọ́ là ń fá. Bí mo bá fá a lónìí, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, aláǹgbá á máa gba àárín rẹ̀ wọlé wá kí yín." Ó yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí rẹ̀, ó fa ìlà sí etí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Ẹ ní kó má kọjá ìlà yìí."

Wọ́n jọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Màmá Hẹlóò se púpọ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé ìwọ̀n èèyàn méjì.

Ọkọ̀ dé ní Sọ́ńdè kí oòrùn tó mú. Ọmọ Bàbá Káfíńtà kó tábìlì iṣẹ́, àpótí irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ká pọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá Káfíńtà sọdá wá dágbére. Ó ní, "Ẹ máa tọ́jú ara yín o." Ó ní, "Ó dìgbà." Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì lọ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ti gun òkè, ó ti yà, kí Màmá Hẹlóò tó rántí pé òun ò gba nọ́ńbà rẹ̀. Ó sáré dé ìdajì òpópónà, ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó ń mí gúlegúle. Ó padà sílé.

Òjò ńlá mìíràn rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Màmá Hẹlóò gbé fóòmù lé tábìlì, ó pa iná, ó di igi ìnulẹ̀ mú, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọmọ ogun. Omi òkè ya bọ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó kóra jọ sẹ́nu gọ́tà, ó yí po níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì gba iwájú ilé Bàbá Káfíńtà kọjá lọ. Nínú àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá Hẹlóò, ti ìsàlẹ̀ nìkan ló rin. Ó dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá. Ó wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé, "Ṣé ẹ rí i?" Pálọ̀ gbẹ, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Omi ò wọlé," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Sọ́ńdè.

"Olúwa ṣeun! Màmi, inú yín á mà dùn o."

"Inú mi dùn," ló wí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tọkọtìyàwó kan wá wo ilé Bàbá Káfíńtà. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, oyún obìnrin náà sì ti yọ. Wọ́n yí ilé náà po, wọ́n tọ́ka sí ibi tí àwọn máa gbin òdòdó sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá Hẹlóò ń sá aṣọ, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ohùn ẹ̀rín wọn dùn ún gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n sọdá wá, wọ́n kí i dáadáa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan," ni ọkọ wí. "Ṣé omi máa ń wọ ibí yìí?"

Màmá Hẹlóò wo ilé tó wà lódìkejì. Ó wo ikùn obìnrin náà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ á máa ké níbẹ̀. Ẹnì kan á máa yá iyọ̀. Ẹnì kan á máa kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá wo ilẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n bi obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ní ìbéèrè kan náà, obìnrin náà sì fi ẹ̀rín músẹ́ ní, "Rárá o, ibí yìí dára." Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe kàyéfì ohun tó mú un purọ́. Lọ́jọ́ náà ló mọ̀ ọ́n.

"Ẹ wọlé," ló wí. "Ẹ wá wo ògiri."

Ó fi ibi tí omi dé hàn wọ́n. Ó fi ihò balùwẹ̀ hàn wọ́n, àti firíìjì lórí búlọ́ọ̀kù. Ó sọ fún wọn pé gọ́tà ti là báyìí, pé ọdún yìí sàn, ṣùgbọ́n òun ò lè búra fún ọdún tó ń bọ̀. Ó fún wọn lómi tútù. Wọ́n jókòó tó wákàtí kan; obìnrin náà bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Màmá Hẹlóò ròyìn rẹ̀, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ọkọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìdúpẹ́ ẹni tí wọ́n yọ nínú ewu. Aya juwọ́ sí i láti òkè òpópónà.

Wọn ò padà wá. Màmá Hẹlóò sì mọ̀ pé wọn ò ní í padà wá. Ní Sátidé, ó gbé ṣọ́bìrì, ó kó ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó sọdá sódìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti ibẹ̀.